Ìwé Ẹ̀bẹ̀ Lórí Owó-Orí Tí Wọ́n Ń Bù Lé Ilé Tí A Ṣẹ̀ṣẹ̀ Tún Ṣe

Sí Alága Ìjọba Ìbílẹ̀ wa, Ìlọrin.

Alága wa ọ̀wọ́n, ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Ọlọ́run á jẹ́ kẹ́ ẹ ṣe é láṣeyọrí. Àwa ẹgbẹ́ bíríkìlà, kápẹ́ńtà àti àwọn tó ń kun ilé la kọ̀wé yìí. Láti Òjà-Ọba dé Tankẹ, láti Sango dé Adéwọlé, kò sí ilé tí ọwọ́ wa ò kàn.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, à ń parí iṣẹ́ nílé opó kan. Ògiri amọ̀ ẹ̀yìn ilé rẹ̀ ló wó lójò èṣí. Àwọn ọmọ rẹ̀ dáwó jọ, a fi búlọ́ọ̀kù mọ ọ́n padà, a rẹ́ ẹ, a pààrọ̀ páànù tó ti dípẹtà. Àwọn òṣìṣẹ́ yín dé, wọ́n kọ àmì pupa gàdàgbà sára ògiri tí ọ̀dà rẹ̀ ò tíì gbẹ. Ẹni tó bá fọwọ́ kàn án, funfun ló ń lẹ̀ mọ́ àtẹ́lẹwọ́. Wọ́n ní ilé ti níye lórí sí i, owó-orí rẹ̀ di ìlọ́po mẹ́rin. Wọ́n tún bù ú lé ilé méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni ò tún bíríkì kan ṣe lára wọn! Wọ́n sì gbé àkàsọ̀ wa méjì lọ.

A mọ̀ pé ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 fún ìjọba ìbílẹ̀ láṣẹ láti díye lé ilé aládàáni. Iye tí ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ bá là sílẹ̀ ló ní kí wọ́n gbà. A ò sọ pé ẹ ò mọ̀. Lóòótọ́, ilé kan tá a tún ṣe máa ń gbé àdúgbò ga: ayálégbé á bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè yàrá níbẹ̀, onílé kejì náà á wá ọ̀dà kun tirẹ̀. Àmọ́ owó tí onílé ná kì í tètè wọlé padà. Bẹ́ ẹ bá ká a mọ́ ẹnu ọ̀nà lọ́jọ́ tá a ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàsọ̀, ta ló tún máa pe bíríkìlà? Ilé tí ò rí àtúnṣe á wó, omi òrùlé rẹ̀ á máa jẹ ìpìlẹ̀ ilé kejì, ayálégbé á sá. Kí lẹ fẹ́ díye lé nígbà náà?

Kó tó di Jímọ̀, oníbàárà mẹ́rin ti gba owó àsansílẹ̀ wọn padà lọ́wọ́ wa.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dá àkàsọ̀ wa padà, ẹ pa àmì pupa yẹn rẹ́, kẹ́ ẹ sì fún ẹni tó tún ilé ṣe ní ọdún mẹ́ta kẹ́ ẹ tó fi kún owó rẹ̀.

Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ti ní àwọn á kó irinṣẹ́ wá síwájú ọ́fíìsì yín. Àwa olóyè la bẹ̀ wọ́n, a ní Alága wa máa ń gbọ́ tẹnu èèyàn. Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni wọ́n dá fún wa.

Àwa ni,
Alága, Akọ̀wé àti Akápò ẹgbẹ́.