Ẹrẹ̀ etí òkun Ìlàjẹ kì í ṣe ilẹ̀ òfo

Sí Olóòtú,

Mo kí yín kú iṣẹ́ ìròyìn. Ọ̀rọ̀ etí òkun Ìlàjẹ ni mo fẹ́ bá ẹ̀yin àti àwọn òǹkàwé yín sọ, pàápàá jù lọ ẹrẹ̀ àti igbó ẹ̀gbà, igi inú omi iyọ̀ tí àwọn òyìnbó ń pè ní mangrove, tí ó wà níbi tí àwọn odò wa ti ń wọ òkun. Nígbàkúùgbà tí wọ́n bá ń jíròrò lórí èbúté ńlá tí ìpínlẹ̀ wa fẹ́ kọ́ síbẹ̀, tàbí lórí bí a ó ṣe dá òkun tí ń gbé Ayétòrò mì dúró, ohun tí mo ń gbọ́, kódà lẹ́nu àwọn tí ó kàwé dáadáa ní Àkúrẹ́ níbí, ni pé ilẹ̀ òfo ni ẹrẹ̀ náà, iyanrìn ni kí a dà bò ó. Ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí, nítorí mo ti gbé ibẹ̀ rí.

Ọdún mẹ́fà ni mo fi ṣe olùkọ́ ní abúlé kan létí omi, tí ó jẹ́ pé Igbókọ̀dá ni a ti ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ síbẹ̀. Bí omi òkun bá ti fà lówùúrọ̀, ẹrẹ̀ dúdú a tẹ́ lọ rẹrẹ, àwọn akàn kéékèèké a sì máa yọjú nínú ihò wọn. Kì í pẹ́ tí àwọn ẹyẹ fi ń dé. Ọ̀kan wà nínú wọn tí mi ò lè gbàgbé: ó tó adìẹ kékeré, àwọ̀ rẹ̀ dà bí ewé gbígbẹ, àgógó ẹnu rẹ̀ gùn, ó sì tẹ̀ sísàlẹ̀ bí dòjé. A ki àgógó náà bọ ihò akàn títí dé ojú, a fa akàn yọ, a gbọ̀n ọ́n títí ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò fi já dànù, nígbà mìíràn a tún fi omi ṣan ẹrẹ̀ ara rẹ̀ kúrò kí ó tó gbé e mì. Òmíràn wà tí kò tó ẹyẹlé, tí ìdí rẹ̀ kì í sinmi, tí ó ń mì ín sókè sódò bí ó ti ń rìn. Àwọn ọmọ kíláàsì mi a máa sín in jẹ.

Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé àlejò ni wọ́n. Ẹlẹ́nu dòjé yìí, tí àwọn òyìnbó ń pè ní whimbrel, ilẹ̀ olótùútù ní àríwá ayé ni ó ti ń pamọ. Àwọn onímọ̀ so ẹ̀rọ tíńtín mọ́ àwọn kan lára ní Iceland, wọ́n sì rí i pé wọ́n lè fò láti ibẹ̀ dé Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà láìbalẹ̀ níbì kankan, fún nǹkan bí ọjọ́ márùn-ún lórí òkun. Ẹyẹ tí ó bá rin irú ìrìn yìí ti jó ọ̀rá ara rẹ̀ tán kí ó tó dé. Inú ẹrẹ̀ ni yóò ti jẹ akàn àti ekòló tí yóò fi sanra padà, títí oṣù kẹrin yóò fi kù sí dẹ̀dẹ̀ tí yóò tún gbéra lọ yé ẹyin. Bí ó bá dé tí ó bá iyanrìn gbígbẹ níbi tí ó jẹun sí lọ́dún tó kọjá, níbo ni yóò yà sí? Láti Bàdágírì títí kọjá Lẹ́kí, iyanrìn ni etí òkun. Bí a bá ti wọ ilẹ̀ Ìlàjẹ dáadáa títí dé ẹnu odò Benin ni ẹrẹ̀ gbilẹ̀, orúkọ Màhìn ni àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ sì fi ń pè é.

A ti rí ohun tí ìkánjú lè dá sílẹ̀ níbẹ̀. Ní àwọn ọdún 1980, ilé-iṣẹ́ epo kan la ojú omi wọ inú àbàtà lágbègbè Awóyè, omi iyọ̀ sì gba ibẹ̀ wọlé. Igbó tí omi dídùn ń bọ́ kú, ẹja inú rẹ̀ bá a lọ, àwọn ènìyàn tí ń bu omi ibẹ̀ mu sì ń wá omi mímu kiri.

Mi ò sọ pé kí a fi ẹyẹ ṣáájú ọmọ ènìyàn. Ìlú tí wọ́n tẹ̀ dó ní 1947 ni Ayétòrò, òkun sì ti gba ilé àti òpópónà lọ níbẹ̀ lójú àwọn tí ó kọ́ wọn. Ẹ̀tọ́ wọn ni kí ìjọba dáàbò bò wọ́n. Ṣùgbọ́n gbòǹgbò ẹ̀gbà, tí ó ta kókó sínú omi bí ẹsẹ̀ akàn, ń di ilẹ̀ mú, ó ń dín agbára ìgbì kù, abẹ́ rẹ̀ sì ni ọmọ ẹja àti ọmọ edé ń sá pamọ́ sí kí wọ́n tó dàgbà. Ẹni tí ó bá gé e kúrò ti ṣí ilẹ̀kùn fún òkun. Mo mọ̀ pé igi yìí ni àwọn ìyá wa fi ń yan ẹja, nítorí iná rẹ̀ mú, kì í sì í tètè jóná; ìyá tí mo gba yàrá lọ́wọ́ rẹ̀ kì í lo igi mìíràn. Ìjọba tí yóò bá ní kí wọ́n má gé e mọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wá ohun tí wọn yóò fi dáná.

Ó ṣeé ṣe kí apẹja àti ẹyẹ jọ gbé pọ̀. Ọdún 1976 tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀ gan-an ni orílẹ̀-èdè Mauritania ya etí òkun Banc d'Arguin sọ́tọ̀. Ẹyẹ tí ó ju mílíọ̀nù méjì lọ ni ó ń lo ìgbà òtútù níbẹ̀, síbẹ̀ wọn kò lé àwọn Imraguen, àwọn apẹja tí ó ni omi náà. Wọ́n ń pẹja wọn lọ, kìkì pé ọkọ̀ aláṣọ ìgbòkun ni wọ́n ń lò, láìsí ẹ́ńjìnnì.

Ní ìlú Ramsar ní Iran, lọ́dún 1971, ni àwọn orílẹ̀-èdè ti ṣe àdéhùn láti tọ́jú irú àbàtà báyìí. Nàìjíríà wà nínú àdéhùn náà, ó sì ti fi orúkọ ibi 11 sílẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni Apoi Creek ní Bayelsa, tí orúkọ rẹ̀ bá ti àwọn ará Àpọ́ì wa ní Ẹsẹ̀-Odò mu, ṣùgbọ́n kò sí ẹyọ kan ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Mo bẹ ìjọba wa kí ó pe àwọn ọba Ìlàjẹ àti Ẹsẹ̀-Odò àti àwọn apẹja jọ, kí wọ́n fi ẹnu kò lórí apá tí ẹ̀rọ akóyanrìn kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn, kí a sì gbé orúkọ rẹ̀ lọ sí Àbújá. Àwọn onímọ̀ nípa ẹranko igbó wà ní Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ti Àkúrẹ́, yunifásítì mìíràn sì wà ní Òkìtìpupa, nítòsí omi náà. Oṣù kìíní ọdún ni wọ́n máa ń ka ẹyẹ etí omi káàkiri ayé. Kí wọ́n tó gbé iṣẹ́ èbúté fún ẹnikẹ́ni, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì wọ̀nyí wọ ọkọ̀ ní Igbókọ̀dá ní oṣù náà, kí wọ́n ka ti Ìlàjẹ.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ fẹ̀yìntì,
Òkè-Àró, Àkúrẹ́.