Bùkọ́lá, Màmá ti rí àwòrán ẹyẹ yẹn

Tákìé, Ògbómọ̀ṣọ́
17 oṣù Kìíní, 2026

Bùkọ́lá mi,

Báwo ni ìhà Falkland, erékùṣù tí Gẹ̀ẹ́sì àti Ajẹntínà ń jà lé lórí yẹn? Ṣé atẹ́gùn ò tíì gbé ẹ sọ sínú òkun? Níbí o, ọyẹ́ ń fojú wa rí nǹkan. Gìgísẹ̀ mi ti là débi pé òwú ń há sí i nígbà tí mo bá ń tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ.

Ǹ bá dúró di ìgbà tí íntánẹ́ẹ̀tì yín bá gbádùn ká jọ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ò ṣeé gbé sùn. Màmá, tí a sọ fún pé London lo ti ń dáná, tí kò mọ̀ pé sọ́jà Gẹ̀ẹ́sì lò ń dáná fún ní Falkland, ti rí àwòrán ẹyẹ yẹn.

Búláòsì ìyàwó kan ni mo ń rán lọ́wọ́, mo gbé fóònù lé orí tábìlì, àṣé àwòrán tí o fi ránṣẹ́ ló ṣí sílẹ̀ gbayawu: ìwọ nínú aṣọ sọ́jà, pẹ́ńgúìn mẹ́ta lẹ́yìn ẹ, wọ́n nàró bí díákónì tó ń retí kí pásítọ̀ parí àdúrà. Màmá wọlé wá gba gèlè ẹ̀. Ó wò ó. Ó yọ awò ojú ẹ̀, ó fi ìṣẹ́tí ìró nù ún, ó tún wò ó. "Fúnmi, irú ẹyẹ wo nìyí? Ṣé London náà nìyẹn?" Mo ní, "Ọgbà ẹranko ni, Mà." Ó ní, "Ọgbà ẹranko tí kò ní ọgbà?" Mo rẹ́rìn-ín, kò bá mi rín. Ó ní aṣọ wo lo wọ̀. Mo ní aṣọ òtútù ni, pé báyẹn ni wọ́n ń rán an níbẹ̀. Èmi aránṣọ! Ó gba gèlè ẹ̀, ó lọ.

Ó ti pé ọjọ́ mẹ́wàá, kò tún bi mí ní nǹkan kan. O mọ Màmá. Tó bá ń pariwo, ọkàn mi máa ń balẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni bàbá tó ń tún aago ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi gbọ́ lórí rédíò pé Ajẹntínà ti ra bàálù ogun. F-16 ni wọ́n pè é, 24 ni wọ́n rà lọ́wọ́ Dẹ́nmáàkì, mẹ́fà àkọ́kọ́ sì ti balẹ̀ nínú oṣù Kejìlá. Bùkọ́lá, èmi tí o máa ń fi bírò gún lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí n má baà sùn ní kíláàsì jọ́gíráfì, èmi ni mo wá ń wo máàpù lóru. Mo ti mọ̀ pé láti ọ̀dọ̀ yín sí etíkun Ajẹntínà kò ju bí 480 kìlómítà lọ. London wá ńkọ́? Ó lé ní 12,000. Mo mọ̀ pé 24 ni tiwọn yóò jẹ́ tó bá pé, mẹ́rin sì ni tiyín.

Mẹ́rin! Ìwọ lo sọ orúkọ wọn fún mi: Faith, Hope, Charity, ẹ̀kẹrin wá ń jẹ́ Desperation. Ọjọ́ tí o sọ ọ́, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Pọ́ọ̀lù kọ mẹ́ta sílẹ̀, ìgbàgbọ́, ìrètí àti ìfẹ́, ó ní èyí tó tóbi jù ni ìfẹ́. Gẹ̀ẹ́sì wá fi Ọ̀ràn-dójú-ẹ̀ kún un. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́ ti F-16 yìí, mi ò rẹ́rìn-ín sí i mọ́.

Bàbá aago ní kí n fọkàn balẹ̀. Ó ní bàálù àlòkù ni, pé Dẹ́nmáàkì ti lò ó fún ọ̀pọ̀ ọdún, pé ríra lọ́tọ̀, mímọ̀ ọ́n wà lọ́tọ̀. Ó ní Ajẹntínà ò ní ọkọ̀ abẹ́ omi tó ń ṣiṣẹ́ mọ́ láti ìgbà tí San Juan ti rì pẹ̀lú èèyàn 44 ní 2017. Àti pé ohunkóhun tí Gẹ̀ẹ́sì bá ti fi ọwọ́ kàn nínú bàálù ogun, ìbáà ṣe àga tí awakọ̀ jókòó lé, wọn kì í jẹ́ kí wọ́n tà á fún Ajẹntínà. Wọ́n fẹ́ ra lọ́wọ́ Kòríà, ibẹ̀ ló ti bàjẹ́. Àfi ìgbà tí wọ́n rí ti Amẹ́ríkà tí Dẹ́nmáàkì ń tà. Mo ní, "Bàbá, a jẹ́ pé ẹni tí ẹ ń bá jà lẹ ò tún gbọdọ̀ ra àdá lọ́jà ẹ̀gbọ́n ẹ̀." Ó ní bẹ́ẹ̀ ni.

Gbogbo ìyẹn tù mí nínú fún bí ọjọ́ méjì. Lẹ́yìn náà ni mo wá rò ó dáadáa. Ní 1982, àwọn sọ́jà Gẹ̀ẹ́sì tó wà ní Falkland kò ju ìwọ̀nba ọgọ́ta-lé-díẹ̀ lọ, ìdí nìyẹn tí Ajẹntínà fi wọlé wẹ́rẹ́ lọ́jọ́ kejì oṣù Kẹrin. Gẹ̀ẹ́sì wá kó ọkọ̀ ojú omi tó lé ní ọgọ́rùn-ún lọ gbà á padà, ọjọ́ 74 ni. Ta ló ní irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́ lóde òní? Wọn ò ní. Ohun tí wọ́n ní ni pápá bàálù tí wọ́n ṣí ní Mount Pleasant ní 1985, kí bàálù ńlá lè kó sọ́jà dé kí ilẹ̀ tó mọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ẹni tó bá jókòó sórí pápá yẹn ló ni gbogbo ọ̀rọ̀. Ẹ̀gbẹ́ pápá yẹn náà ni ìwọ ń sùn, tí o ń ka àpò ìrẹsì, tí o ń rìn nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí o ní kò lópin yẹn. Ṣé o wá rí ìdí tí mi ò fi sùn?

Ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ ńkọ́? A ti jà sí i ní ṣọ́ọ̀bù. Bàbá aago ní Ajẹntínà ló nilẹ̀, pé wọ́n jogún rẹ̀ lọ́wọ́ Sípéènì, Gẹ̀ẹ́sì sì lé wọn kúrò ní 1833. Mo ní ọ̀rọ̀ ọmọ onílẹ̀ nìyẹn: bàbá bàbá mi ni, kó ilé rẹ kúrò! Àwọn tó ti bí ọmọ, tí wọ́n sin òkú síbẹ̀ ńkọ́? Wọ́n dìbò ní 2013, ẹni 1,513 ní àwọn fẹ́ wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni mẹ́ta ní rárá. (Àwọn mẹ́ta yẹn ni mo fẹ́ mọ̀. Nínú ìlú tí ò tó àdúgbò wa yìí, gbogbo ọjà á ti mọ̀ wọ́n.) Bàbá ní ṣebí Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí i ní 2025 pé àwọn erékùṣù Chagos á di ti Mauritius. Mo ní wọ́n ti kó àwọn ará Chagos kúrò nílẹ̀ wọn kí wọ́n tó dé orí ìyẹn, wọn ò sì gbàgbé láti tọ́jú ibùdó sọ́jà tó wà ní Diego Garcia, ọ̀kan lára erékùṣù náà. Ọ̀rọ̀ Bakassi ló pa wá lẹ́nu mọ́. Kóòtù àgbáyé dá ẹjọ́ ní 2002, a kó o fún Kamẹrúùnù, ta ló bi àwọn apẹja ibẹ̀ léèrè? Bàbá ò fèsì. Ó tún ojú bọ inú aago.

Ṣadé bí ìbejì, takọ-tabo. Àlàbá ra mótò, ó ti fi gbá ògiri ilé ìjọsìn. Owó ilé ti gòkè. Yẹ́misí ò tíì san owó aṣọ ẹgbẹ́ ọdún Iléyá, ó ní kí n kí ẹ.

Nínú gbogbo ohun tí o kọ, ti àwọn ará Zimbabwe ni ò kúrò lọ́kàn mi. Pé wọ́n wá láti ọ̀nà jíjìn wá fi ìkúnlẹ̀ hú bọ́ǹbù tí Ajẹntínà rì mọ́lẹ̀, tí wọn ò sì parí rẹ̀ títí di 2020, ogun tó ti parí láti 1982! Pé àwọn pẹ́ńgúìn ń rìn lórí ẹ̀ ní etíkun Yorke Bay ní gbogbo ìgbà yẹn, wọn ò wúwo tó ohun tó lè mú un dún. Mo tún padà wo àwòrán ẹ lẹ́yìn tí mo kà á. Mo wo ẹsẹ̀ ẹ.

Àwọn tó kú nínú ogun 1982 yẹn: Ajẹntínà 649, Gẹ̀ẹ́sì 255, àti obìnrin mẹ́ta ọmọ ibẹ̀ tí ọta àwọn tó wá gbà wọ́n sílẹ̀ bá nínú ilé. Mo mọ̀ pé ogun ò sún mọ́lé. Mi ò ya wèrè. Ṣùgbọ́n ìwọ náà mọ ohun tí ogun ṣe nínú ilé yín, o mọ ẹni tí Màmá ń dá oúnjẹ sí títí di 1975. Ẹni yẹn náà, ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n kan ní Èkó ni wọ́n sọ fún un pé ó wà.

Ohun tó mú mi kọ lẹ́tà yìí nìyí. Mi ò lè pa irọ́ London yìí mọ́. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, Màmá dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní kí wọ́n bá òun gbàdúrà fún ọmọ òun tó ń dáná ní ọsibítù ní London, ó sì bojú wẹ̀yìn, ojú mi ló ń wò. Bùkọ́lá, ó ti mọ̀. Tàbí kò mọ̀, ó kàn fẹ́ kí n sọ ọ́. Mi ò ní sọ ọ́. Ẹnu ẹ ló gbọ́dọ̀ ti gbọ́ ọ.

Pè é lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀, ní aago méjì ọ̀sán ti wa, ìyẹn aago mẹ́wàá àárọ̀ níbẹ̀, ó á ti jẹun, á sì ti bọ́ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì. Má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ sọ́jà. Bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìrẹsì, sọ iye àpò tí ẹ ń sè fún un, inú ẹ̀ á dùn. Má sì dárúkọ bàálù kẹrin yẹn. Kí o tó pè, fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí mi, kí n lè ti jókòó tì í. Màá mú gèlè kan dání, màá ṣe bí ẹni wá wọ̀n ọ́n.

Èmi ni,
Fúnmi ẹ