Ọ̀rọ̀ sí àwọn oníbàárà wa: ìdí tí olùkọ́ Ìbàdàn àti ọmọ yín ní London kò fi ń lu ìlù pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa ní London, Manchester, Houston àti ibi gbogbo tí ẹ wà, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú àtìlẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́ ìlù wa.

Ẹjọ́ kan ń dé ọ̀dọ̀ wa lemọ́lemọ́. Àwọn òbí kan ní bí ọmọ àwọn bá ń lùlù lórí Zoom, ńṣe ni olùkọ́ ń lu gúdúgúdú tirẹ̀ lọ bí ẹni tí kò gbọ́ ohun tí ọmọ ń ṣe. Òótọ́ ni, olùkọ́ kò gbọ́ ọ. A mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni, nítorí ire ọmọ náà. Ẹ̀yin tí ẹ ń sanwó ní ẹ̀tọ́ láti mọ ìdí rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé.

Nínú ọ̀wọ́ dùndún, ìyá ìlù ló ń sọ̀rọ̀, òun ló ń darí. Ṣùgbọ́n òun náà gbára lé gúdúgúdú tí kì í dákẹ́, àti àwọn omele tó ń dí àlàfo tí ó bá fi sílẹ̀. Bí onígúdúgúdú bá pẹ́ díẹ̀ báyìí, ara gbogbo onílù tó kù ni yóò kọ́kọ́ sọ fún wọn. Ìpẹ́ tí mo ń wí kéré gan-an. Mìlísẹ́kọ́ńdì ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, 1,000 rẹ̀ ló sì wà nínú ìṣẹ́jú-àáyá kan.

Kódà bí onílù méjì bá jọ wà lójú agbo, ohùn kì í dé lójú ẹsẹ̀. Nǹkan bíi mítà 343 ni ohùn ń rìn nínú afẹ́fẹ́ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí wọ́n bá fi mítà 10 jìnnà síra, ìlù ẹnìkínní yóò pẹ́ tó mìlísẹ́kọ́ńdì 29 kó tó dé etí ẹnìkejì. Ẹ wo bí àwọn onílù wa ṣe máa ń fara tira lóde ìnáwó: ọgbọ́n wà níbẹ̀.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Chris Chafe àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò. Wọ́n fi ẹni méjì méjì sínú yàrá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n ní kí wọ́n jọ máa pàtẹ́wọ́, wọ́n wá ń dá ohùn tó ń lọ láàárín wọn dúró díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí ìdádúró náà kò tó mìlísẹ́kọ́ńdì 10, àtẹ́wọ́ náà ń sáré. Láti nǹkan bíi 10 sí 20, ó dúró ṣinṣin. Nígbà tó pọ̀ ju ìyẹn lọ, ó ń falẹ̀, bí ìdádúró sì ṣe ń pọ̀ sí i ló ń burú sí i. Ohun tó ń fà á kò ṣòro láti mọ̀. Èmi gbọ́ ọ pẹ́, mo rò pé mo ti sáré jù, mo wá dẹsẹ̀ dúró dè ọ́. Ìwọ náà gbọ́ mi pẹ́, o dúró dè mí. A ó máa dúró de ara wa títí ìlù yóò fi kú mọ́ wa lọ́wọ́. Ó ń ṣe ọ̀gá tó mọ ìlù dunjú bó ṣe ń ṣe ọmọdé.

Ó ku ọ̀nà Ìbàdàn sí London. Nínú wáyà fíbà, ìyẹn wáyà onígíláàsì tí íńtánẹ́ẹ̀tì ń gbà kọjá, ìmọ́lẹ̀ tó ń gbé ohùn yín ń rin nǹkan bíi kìlómítà 200,000 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Wáyà abẹ́ òkun MainOne, tó ti Èkó lọ sí Pọ́túgà, gùn tó kìlómítà 7,000. Ìyẹn nìkan ti gba mìlísẹ́kọ́ńdì 35 ní àlọ, a kò tíì dé London, a kò sì tíì ka ìpẹ́ inú kọ̀ǹpútà, ti Wi-Fi àti ti Zoom fúnra rẹ̀. Ti Houston jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn kan nínú yín ti ra dátà olówó gọbọi nítorí èyí, ó sì dùn mí fún wọn. Dátà ńlá dà bí kí èèyàn fi trélà rọ́pò ọkọ̀ kékeré: ẹrù tí yóò kó yóò pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n ọ̀nà Ìbàdàn sí Èkó kò kúrú sí i.

Ìdí nìyẹn tí olùkọ́ fi ń pa ohùn ọmọ lẹ́nu mọ́ lọ́dọ̀ tirẹ̀. Bí kò bá gbọ́ ọmọ, kò ní dúró dè é, gúdúgúdú rẹ̀ yóò máa lọ geere. Ọmọ yín ń gbọ́ gúdúgúdú yẹn, ó ń lu tirẹ̀ lé e, lójú tirẹ̀ níbẹ̀ ìlù méjèèjì wọ ara wọn pátápátá. Ẹ wá fi fóònù mìíràn gba ohùn méjèèjì sílẹ̀ nínú yàrá yín, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí wa. Inú ohun tí ẹ fi ránṣẹ́ yẹn ni olùkọ́ ti ń gbọ́ ìlù ọmọ bó ṣe rí gan-an, òun ló sì fi ń ṣàtúnṣe. Nítorí náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe gbàgbé láti fi í ránṣẹ́.

Zoom, ọ̀rọ̀ ẹnu ni wọ́n ṣe é fún. Ó máa ń ka ìlù sí ariwo, ó sì ń pa á lẹ́nu mọ́. Ẹ tan ibi tí wọ́n kọ “Original sound for musicians” sí kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Kò ní mú ìpẹ́ kúrò, ṣùgbọ́n a ó gbọ́ ìró awọ.

Àwọn ọmọ tó wà ní orílẹ̀-èdè kan náà lè lùlù pọ̀ ní tòótọ́. London sí Manchester kò jìnnà, ìpẹ́ tó wà lójú ọ̀nà kò tó nǹkan. Jamulus, ètò orí kọ̀ǹpútà tó ń jẹ́ kí àwọn onílù jọ lùlù lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ni a ó máa lò, ọ̀fẹ́ ni, a ó sì lo sáfà (kọ̀ǹpútà tó ń so wọ́n pọ̀) tó wà nítòsí wọn, kì í ṣe ti Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n ilé ni ìpẹ́ tó kù wà. Earpiece aláìníwáyà, ìyẹn Bluetooth, lè fi mìlísẹ́kọ́ńdì 100 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kún un, gbogbo làálàá yín sì já sí asán. Earpiece oníwáyà ni kí ẹ lò. Ẹ fi wáyà so kọ̀ǹpútà mọ́ router, ẹ má gbára lé Wi-Fi.

Àwọn kan béèrè nípa NINJAM, ètò orí kọ̀ǹpútà mìíràn tó ń jẹ́ kí oníkálùkù máa gbọ́ ìlù tí ẹnìkejì lù ní ìyípo tó kọjá. Ó dára fún kónkóló tó ń yí po lójú kan. A kò ní lò ó fún ìyá ìlù, nítorí bí ìyá ìlù bá pè, lójú ẹsẹ̀ ló yẹ kí wọ́n dá a lóhùn, àwọn ọmọ yín sì gbọ́dọ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń dá a lóhùn.

Owó ẹ̀kọ́ kò yí padà. Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ kí ọmọ yín wọ ẹgbẹ́ alájùmọ̀lù, ẹ kọ orúkọ ìlú tí ẹ ń gbé àti irú kọ̀ǹpútà tí ẹ ní ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp, kí a lè to àwọn tó wà nítòsí ara wọn pọ̀. A ó bá ẹnì kọ̀ọ̀kan yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó náwó ra ohunkóhun.