Kí ni Ìlọrin ń wá létí òkun?

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá. Lẹ́tà bàbá kan tẹ́ ẹ gbé jáde láìpẹ́ yìí ló mú mi gbé kálámù. Bàbá ní gèèmù ti ba àwa ọmọ ìwòyí jẹ́, pé yàtọ̀ sí àtẹ̀jíṣẹ́, a kì í ka nǹkan kan mọ́. N ò wá bá àgbà jiyàn. Irú àwọn tí wọ́n ń sọ náà wà láàárín wa. Ṣùgbọ́n àwa tá à ń kàwé tá a tún ń gbá gèèmù ò kéré níye, kò sì sẹ́ni tó ń bi wá léèrè ohun tá a rí níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n ṣe bí ẹni pé bàbá bi mí.

Láti bí ọdún mélòó kan, orúkọ wa ti kún inú ìwé àti gèèmù tí wọ́n ń ṣe lókè òkun. Ṣàngó wà níbẹ̀, Yemọja wà níbẹ̀, Èkó wà níbẹ̀. Tẹ́lẹ̀, kí n ṣáà ti rí orúkọ, inú mi á dùn. Ní báyìí, orúkọ nìkan ò tó mi mọ́. Ohun tí mo máa ń wò ni bóyá orúkọ yẹn ń ṣiṣẹ́ nínú ìtàn, àbí wọ́n kàn fi ṣe ọ̀ṣọ́ lásán. Bí èèyàn bá lè yọ orúkọ Yorùbá kúrò, kó fi ti àwọn ará Gíríìsì sí i, tí nǹkan kan ò sì yẹ̀, a jẹ́ pé ọ̀ṣọ́ ni.

Ọmọ Ìlọrin ni mí, nítorí náà ilé ni màá ti bẹ̀rẹ̀. Children of Blood and Bone tí Tomi Adeyemi kọ jáde ní 2018, ìwé méjì mìíràn sì ti tẹ̀ lé e, èyí tó kẹ́yìn ní 2024. Amẹ́ríkà ni wọ́n bí òǹkọ̀wé náà sí, ọmọ Nàìjíríà làwọn òbí ẹ̀, àmọ́ ìlú Salvador ní Brazil, níbi tó ti lọ kẹ́kọ̀ọ́, ló ti pàdé àwòrán àwọn òrìṣà tó bí ìtàn náà. Ibi tí Zélie, ọmọbìnrin tí ìtàn dá lé lórí, ń gbé ni Ìlọrin. Ẹ̀yin náà ẹ wo bí orí mi ṣe wú nígbà tí mo kà á débẹ̀. Mo ṣí ewé kejì, kí ni mo rí? Abúlé apẹja. Òkun ló yí i ká, orí omi làwọn ilé léfòó sí. Ìlọrin o! Omi tí mo mọ̀ níbí ni odò Asà. Ẹni tó bá fẹ́ rí òkun láti ilé wa, kó tètè wọkọ̀ Èkó láàárọ̀, kó sì gbàdúrà kí ọ̀nà dára. Mo ka ibẹ̀ sétí màmá mi, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn, wọ́n ní kí n bá wọn kọ̀wé sí òǹkọ̀wé náà kó jọ̀ọ́ bu díẹ̀ ránṣẹ́ sí wa nínú òkun ọ̀hún nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Ìtàn àròsọ ni, mo mọ̀. Ẹni tó ń dá ayé tuntun lè gbé ìlú síbi tó bá wù ú. Ohun tó dùn mí ni pé Ìlọrin tòótọ́ ní ohun tí ìtàn ogun àti oògùn ì bá jẹ yó. Àfọ̀njá, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, kẹ̀yìn sí Aláàfin, ó pe Àlímì, àlùfáà Fúlàní, mọ́ra, nígbà tó sì yá, àwọn ọmọ ogun tó fọwọ́ ara ẹ̀ kó jọ ló pa á. Ìtàn ní ọfà àti ọ̀kọ̀ pọ̀ lára ẹ̀ débi pé òkú ẹ̀ ò rí ilẹ̀ ṣubú sí, ńṣe ló dúró lórí wọn. Ẹ ní kí ni wọ́n ń wá lọ sétí òkun?

Bí Ibeji náà ṣe rí nìyẹn. Nínú ìwé náà, ìlú inú aṣálẹ̀ ni. Wọ́n ní pápá ìjà kan níbẹ̀ tí wọ́n ń da omi kún kí àwọn ọkọ̀ ojú omi lè máa bára wọn jà nínú ẹ̀. Ibẹ̀ dùn púpọ̀, n ò ní tan yín, mo padà lọ tún un kà. Àmọ́ ọ̀rọ̀ ìbejì ò kan ìjà yẹn rárá. Orúkọ tó ní ère, tó ní oríkì, tí wọ́n ń torí ẹ̀ se ẹ̀wà fáwọn ọmọ àdúgbò, ó kàn jókòó síbẹ̀ bí pátákó ojú títì.

Ibi tí Adeyemi ti gbà mí lọ́kàn ni ọfọ̀. Àwọn tó ní agbára nínú ìtàn ẹ̀ ò lè fi èdè mìíràn pè é jáde, Yorùbá ni wọ́n ń pè, Yorùbá tó ṣeé kà sókè sì ni. Nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí mo lọ, owó ìtanràn ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó bá sọ Yorùbá ní kíláàsì. Ẹ wá fojú inú wo irú ọmọ bẹ́ẹ̀ tó ń ka ìwé òyìnbó, tó wá rí i pé èdè tí wọ́n ń torí ẹ̀ gba owó àkàrà ẹ̀ ni wọ́n fi ń jí agbára dìde. Nítorí ibẹ̀ yẹn, mo forí Ìlọrin jì í.

Ìwé tí mo fẹ́ràn jù nínú àwọn tuntun ni Sanya, tí Oyin Olugbile kọ, òun ló gba ẹ̀bùn lítíréṣọ̀ ti NLNG, ilé iṣẹ́ gáàsì Nàìjíríà, ní 2025, 100,000 dọ́là. Obìnrin ni Ṣàngó nínú ẹ̀, Sanya lorúkọ tó ń jẹ́. Bọ̀dá mi kan bínú, wọ́n ní àṣà ti bàjẹ́, Ṣàngó akọ bí akọ ni wọ́n sọ di ọmọge. Mo ní kí wọ́n dákun lọ wo orí ẹlẹ́gùn Ṣàngó: ọkùnrin ni, irùngbọ̀n wà lágbọ̀n ẹ̀, síbẹ̀ irun dídì ló wà lórí ẹ̀ bíi ti ìyàwó tuntun. Àwọn oníṣàngó ò rí i bí èèwọ̀ láti ayébáyé, àwa la wá ń bá wọn bínú. Orúkọ ẹ̀gbọ́n Sanya sì ni Dàda. Ta ni ò gbọ́ ọ rí pé Dàda ò lè jà, ó láàbúrò tó gbójú? Lójú tèmi, orí òwe yẹn ni gbogbo ìtàn náà dúró lé. Ẹ yọ Dàda kúrò níbẹ̀, ẹ pè é ní John, ilé á wó. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, àmọ́ Yorùbá ló ń dún létí mi bí mo ṣe ń kà á.

Ó wá kan gèèmù. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kọ̀ǹpútà tó lágbára, ilé wọn la ti ń gbá Smite. Ilé iṣẹ́ Hi-Rez ní Amẹ́ríkà ló ṣe é, ọ̀fẹ́ ni, dátà ló ń jẹ owó. Wọ́n kó àwọn òrìṣà oríṣiríṣi ilẹ̀ jọ, Zeus, Thor, Anubis, kí wọ́n máa bára wọn jà. Nígbà tó yá, wọ́n fi ti Yorùbá kún un: Yemọja àti Ọlọ́run.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún èyí tó kẹ́yìn yẹn kà. Kì í ṣe òrìṣà kan o, Ọlọ́run fúnra ẹ̀, tí ọmọ tó sá fún iṣẹ́ àṣetiléwá lè fi Thor gbá lulẹ̀. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo rí i lójú kọ̀ǹpútà pé wọ́n ti pa Ọlọ́run, mo ní astaghfirullah, mo sì gbé ọwọ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà. Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn nìkan kọ́ o. Kódà lọ́dọ̀ àwọn oníṣẹ̀ṣe, ojúbọ Ọlọ́run ò sí, wọn kì í gbẹ́ ère ẹ̀. Ẹni kan ṣoṣo tí wọn ò gbẹ́ ère fún ni àwọn ará Amẹ́ríkà wá gbẹ́ sínú gèèmù, wọ́n tún wọ̀ ọ́ láṣọ wúrà. Wọ́n gbọ́ orúkọ, wọn ò bèèrè ẹni tó ń jẹ́ ẹ.

Bẹ́ẹ̀ nínú gèèmù kan náà, ẹ wo Yemọja. Púpọ̀ nínú àwọn tó kù ló ní agbára tí wọ́n ń pè ní mana, òun ni wọ́n ń ná bí wọ́n bá fẹ́ ṣe idán. Ti Yemọja yàtọ̀. Omi ni tiẹ̀, bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀. Bó bá ti lò ó, á máa sun padà díẹ̀díẹ̀, èèyàn gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n ṣọ́ ná. Omi ló fi ń wo ẹgbẹ́ ẹ̀ sàn. Bí ọ̀tá bá ń sá lọ, á gbé ògiri omi méjì dìde lọ́tùn-ún lósì, ọ̀nà á há mọ́ onítọ̀hún. Ẹni tó ṣe Yemọja yìí jókòó, ó ronú. N ò mọ ọwọ́ Yemọja gbá dáadáa, àwọn ọ̀rẹ́ mi máa ń pariwo lé mi lórí, ṣùgbọ́n òun ni mo máa ń mú.

Ti bọ́ọ̀lù, n ò ní pẹ́ lórí ẹ̀. FIFA tá a mọ̀ láti kékeré di EA Sports FC ní 2023. Ọdọọdún ni wọ́n ń tà á bíi tuntun, ojú lásán ni wọ́n ń kùn. Ṣọ́ọ̀bù gèèmù àdúgbò wa ṣì ń kún fún un dòru, èmi náà sì ń dé ibẹ̀.

Mo tún gbìyànjú ayò orí fóònù. Ihò 12 pé, ọmọ ayò 48 pé, ẹ̀rọ náà sì mọ̀ ọ́n ta ju bàbá mi àgbà lọ. Ṣùgbọ́n ó dákẹ́ bí ibojì. Ẹnikẹ́ni ò pè mí lọ́pẹ, ẹnikẹ́ni ò kọrin yẹ̀yẹ́ fún mi, kò sí òǹwòran tó ń dá sí i lẹ́yìn mi. Ayò tí ọ̀ta ò ti lè fi ọ̀pẹ ṣẹlẹ́yà, iṣẹ́ ìṣirò ni.

Àbúrò mi obìnrin ní tiẹ̀ lórí fóònù màmá wa: Rising Chef, gèèmù eré àwòrán Iwájú tí Disney àti Kugali gbé jáde ní 2024. Maliyo, ilé iṣẹ́ gèèmù kan ní Èkó tó ti wà lẹ́nu ẹ̀ láti 2012, ló ṣe é. Iṣẹ́ olóúnjẹ ni: kó o sè, kó o bù, kí oníbàárà tó bínú lọ. Kò sógun, kò sí idán, síbẹ̀ ó jọ Èkó ju ààfin Èkó inú ìwé Adeyemi lọ.

Níbi tí mo fẹ́ kí bàbá tó kọ lẹ́tà ọ̀hún fetí sí nìyí: gèèmù ló mú mi dé ọ̀dọ̀ Fágúnwà. Nílé ìwé, wọ́n ka Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ fún wa bí ẹni ń ka òfin ìlú, oorun ni mo fi gbọ́ ọ. Lẹ́yìn tí mo ti gbá gèèmù àwọn ikọ̀ akọni jìnnà ni mo fọwọ́ ara mi ṣí i, mo sì pariwo. Ìwé 1938! Ọba rán àwọn ọdẹ lọ sí Òkè Láńgbòdó, ẹni méje sì ni wọ́n, olúkúlùkù pẹ̀lú ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe. Kàkó ní kùmọ̀ àti agbára. Ìmọ̀dóyè ní ọgbọ́n. Ọlọ́hùn-iyọ̀ ń fi orin mú ẹni tí ohun ìjà ò lè mú. Èfòìyè ń ta ọfà. Ẹlẹ́gbẹ̀dẹ-ọdẹ gbọ́ èdè ẹyẹ àti ẹranko. Àràmàǹdà-òkùnrin, bí ooru bá ń mú aráyé, òtútù ló ń mú un, bí òtútù bá dé, òun á máa làágùn. Àkàrà-ògùn ló ń darí wọn. Ẹni tó bá ń ṣe gèèmù mọ̀ pé iṣẹ́ ti parí nìyẹn: ibi tí yìnyín wà, ẹ rán Àràmàǹdà lọ! Àgbákò olójú 16 wà níbẹ̀ pẹ̀lú, òun ni ọ̀gá tí èèyàn máa bá jà títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Gbogbo ẹ̀ kọ́ ló dùn mọ́ mi o. Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ Ìrágbèje, bàbá onílé ojúlé méje yẹn wàásù fún wọn lójoojúmọ́ fún ọjọ́ méje. Nínú gèèmù, ibẹ̀ ni gbogbo wa máa ti wá bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń fò ó.

Àwọn Maliyo àti ẹgbẹ́ wọn, mo bẹ̀ yín, kí lẹ tún ń wá kiri? Òótọ́ ni pé ẹ máa gbàṣẹ. Fágúnwà kú lóṣù Kejìlá 1963, òfin ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé ní Nàìjíríà sì fún iṣẹ́ ẹni ní àádọ́rin ọdún lẹ́yìn ikú ẹ̀, ó di ìparí 2033 kó tó di ti gbogbo ayé. Ẹ lọ bá àwọn tó ni ín báyìí. Nígbà tó bá fi máa di 2033, ọmọ á ti wà lẹ́yìn àwa kan, a ò ní ráyè gbá gèèmù.

Ẹ̀bẹ̀ kan ló kù lọ́dọ̀ ẹ̀yin Olóòtú. Ojú ewé ọmọdé yín dára, àlọ́ àti àwòrán tí wọ́n ń kùn ló wà níbẹ̀. Ọmọ ọdún 17 kì í kun àwòrán mọ́. Ẹ yọ̀ǹda ìdajì ojú ewé fún wa lọ́sẹ̀, ká máa fi Yorùbá sọ ohun tá a rí nínú ìwé àti gèèmù. A ò bèèrè owó. Mo ti bá àwọn ẹgbẹ́ mi sọ ọ́, ọ̀kan ti ń kọ tiẹ̀ lọ́wọ́ láti fi hàn pé irọ́ ni gbogbo ohun tí mo sọ nípa FC.

Ọmọ yín,
Òǹkàwé kan,
Ìlọrin.