Ọdún 2004 Ni Mo Bí Ọ

Ìkéré-Èkìtì,
Oṣù Ọ̀wàrà, 2025.

Mojísọ́lá ọmọ mi,

Àjíkẹ́, ará ilé kí ọ. Bàbá rẹ kí ọ. Orúnkún rẹ̀ ti ń gbọ́ oògùn, ó sì ti padà sí oko. Ewúrẹ́ dúdú náà ti bímọ, méjì ni. Ẹ̀gbọ́n rẹ ṣì ń wá ẹni tí yóò bá a ra ọ̀kadà rẹ̀. Ìyẹn tó nípa ilé, nítorí kì í ṣe tìtorí ewúrẹ́ ni mo ṣe jókòó kọ lẹ́tà sí ẹni tí ó ní fóònù méjì tí kò sì gbé ọ̀kankan nígbà tí ìyá rẹ̀ bá pè é.

Ní ọjọ́ Àìkú tí ó kọjá, lẹ́yìn ìsìn, ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ àwọn ìyá fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní òun fẹ́ bá mi yọ̀ pé ọmọ mi ti wọ ikọ̀ tuntun ní Èkó. Ó fi àwòrán kan hàn mí lórí fóònù rẹ̀: orúkọ àwọn agbábọ́ọ̀lù, nọ́ńbà ẹ̀yìn aṣọ wọn, ibi tí oníkálùkù ń gbá, àti ọdún tí wọ́n bí wọn. Mo rí orúkọ rẹ, inú mi dùn. Mo wo iwájú orúkọ náà, mo rí 2008. Mo bọ́ awò ojú mi, mo fi etí ìró nù ún, mo tún wò ó, 2008 náà ni. Obìnrin yẹn rẹ́rìn-ín, ó ní, “Àṣé ọmọ kékeré ni Mojí! Èmi rò pé òun àti ọmọ tèmi ni wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé.” Mo bá a rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ni oúnjẹ kò ti dùn lẹ́nu mi.

Ọdún 2004 ni mo bí ọ. Àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ni wọ́n gbẹ̀bí mi, nínú yàrá tí èmi fúnra mi ti ń gbẹ̀bí àwọn ẹlòmíràn, bí ìrọbí sì ti mú mi tó, mo ṣì ń bi wọ́n léèrè bóyá wọ́n ti kọ wákàtí sílẹ̀. Wọ́n kọ ọ́: ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Kẹta, aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ní ìdájí, obìnrin. Ta ni ó wá sọ ọ́ di 2008? Bí ó bá jẹ́ àṣìṣe akọ̀wé ni, tètè sọ fún mi kí n lè sùn. Bí ó bá jẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá ni ó ní kí o gé e, kí o lè bá àwọn ọmọ tí kò tíì pé ogún ọdún díje, a jẹ́ pé ohun tí mo ń bẹ̀rù ni ó dé yẹn.

Mo wọ yàrá rẹ, mo gbé ìwé aláwọ̀ ewé tí o ti ń kọ iye bọ́ọ̀lù àwọn obìnrin sí láti ìgbà tí o wà ní JSS 2. Má bínú pé mo ṣí i. O kọ ọ́ síbẹ̀ pé Marta ti Bràsíìlì gbá góòlù 17 wọlé nínú Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé, láti 2003 títí dé 2019, o sì fi ìlà méjì sí ìdí rẹ̀ pé ọkùnrin tí ó ní jù lọ nígbà náà, Klose ti Jámánì, 16 ni tirẹ̀. O kọ 190 fún Christine Sinclair ti Kánádà, pé kò sí ọkùnrin tàbí obìnrin tí ó gbá tó bẹ́ẹ̀ wọlé fún orílẹ̀-èdè rẹ̀. O kọ ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 354 fún Kristine Lilly ti Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n ibi tí o kọ iye ìgbà tí Asisat Oshoala gba àmì ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù obìnrin tí ó dára jù ní Áfíríkà ni ó mú omi bọ́ lójú mi. O kọ́kọ́ kọ 4. O fi ìlà kan ṣoṣo fà á kọjá, o kọ 5 sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú 2022. O tún fa ìyẹn náà, o kọ 6 pẹ̀lú 2023, o sì bu ọwọ́ lù ú. Èmi ni mo kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ní ilé ìgbẹ̀bí, a kì í fi rọ́bà pa nǹkan rẹ́ nínú ìwé ńlá náà, a kì í sì í fi ọ̀dà funfun bò ó. Ìlà kan ni à ń fà, kí ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn lè rí ohun tí a ti kọ tẹ́lẹ̀. Ìwọ tí o kò jẹ́ pa 4 Oshoala rẹ́, o wá jẹ́ kí wọ́n pa ọjọ́ ìbí tìrẹ rẹ́.

Ojú ìwé kan wà tí o fi bírò pupa kọ, o kò sì lè sọ pé o ti gbàgbé rẹ̀. Ifeanyi Chiejine wọ pápá fún Nàìjíríà ní Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé 1999 nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 16 àti ọjọ́ 34, kò sì sí ẹni tí ó kéré tó bẹ́ẹ̀ rí nínú ìdíje náà. Ọdún mẹ́rìnlélógún ni àkọsílẹ̀ yẹn fi dúró. Ó pẹ́ láyé ju ẹni tí ó ni ín lọ, nítorí pé 2019 ni ọmọ ọlọ́mọ papò dà, Casey Phair ti Gúúsù Kòríà kò sì gba ipò náà títí di 2023, pẹ̀lú ọdún 16 àti ọjọ́ 26. Ọjọ́ mẹ́jọ péré, Àjíkẹ́! Ọjọ́ mẹ́jọ ni wọ́n fi ya ọmọ Nàìjíríà sọ́tọ̀ kúrò lára ọmọ Kòríà, gbogbo ayé sì gbà á bẹ́ẹ̀, nítorí pé ọjọ́ ìbí àwọn méjèèjì ṣe é dì mú. Ìwọ ní tìrẹ ń fi ọdún mẹ́rin ṣeré.

Ohun tí ó ń dùn mí ni pé ìwọ fúnra rẹ ni o jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi nílé ìdáná, tí o ń ṣàlàyé bí àkọsílẹ̀ ṣe ṣọ̀wọ́n tó fún àwọn obìnrin tí ń gbá bọ́ọ̀lù. O ní ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹgbẹ̀rún mẹ́tàléláàádọ́ta ènìyàn wá wo àwọn obìnrin ní Goodison Park ní ọjọ́ kejì Kérésìmesì 1920, kò sì pé ọdún kan lẹ́yìn rẹ̀ tí àjọ bọ́ọ̀lù wọn lé àwọn obìnrin kúrò ní pápá gbogbo ẹgbẹ́ tí ó wà lábẹ́ wọn, títí di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970. O ní Bràsíìlì tí ó bí Marta yìí náà fi òfin de àwọn obìnrin láti 1941 títí di 1979. Mo bi ọ́ pé àwọn tí wọ́n gbá a láàárín àkókò yẹn ńkọ́, o ní kò sí ẹni tí ó mọ iye góòlù wọn. Tiwa pàápàá kò mọ́ tán: àwọn kan ka ife Áfíríkà tí a gbà ní 1991 àti 1995 mọ́ tiwa, àwọn mìíràn ní láti 1998 ni kíkà bẹ̀rẹ̀. Kíkà kejì yìí ni wọ́n fi ní ìkẹwàá ni a gbà ní Rabat ní ọjọ́ 26 oṣù Keje tí ó kọjá, nígbà tí Mòrókò ti fi góòlù méjì síwájú kí Okoronkwo tó gbá pẹnáritì wọlé, kí Ijamilusi tó dọ́gba rẹ̀, kí Echegini tó parí rẹ̀ ní ìṣẹ́jú 88. Bàbá rẹ fò sókè, ó gbàgbé orúnkún, òun ló fa oògùn tí mo sọ lókè. Gbogbo ayé ń jà lórí ohun tí wọn kò kọ dáadáa fún àwọn obìnrin, ọmọ mi wá lọ fi èyí tí a kọ dáadáa tọrẹ.

Má sì sọ fún mi pé gbogbo wọn ni ó ń ṣe é. Mo mọ̀. Mo sì mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní 1989, nígbà tí FIFA lé Nàìjíríà kúrò nínú ìdíje àwọn ọ̀dọ́ fún ọdún méjì, nítorí pé ọjọ́ ìbí àwọn ọkùnrin mẹ́ta tí a mú lọ sí Olympics 1988 kò bá èyí tí a ti fi sílẹ̀ fún wọn tẹ́lẹ̀ mu. Ìdíje àwọn ọ̀dọ́ àgbáyé ti 1991 tí à bá gbà lálejò sì bọ́ lọ́wọ́ wa. Ìwé méjì tí àwa fúnra wa kọ ni ó takora. Ìwé tìrẹ wà níbí, orúkọ mi wà nínú rẹ̀, ìwé ẹ̀rí WAEC rẹ sì wà nínú àpótí. Ta ni yóò takò ọ́ bí kò ṣe èmi?

Bóyá wọ́n sọ fún ọ pé ọmọ ọdún mọ́kànlélógún ti pẹ́ jù. Irọ́ ni, ìwé rẹ náà ni ó sì sọ bẹ́ẹ̀. Ní 2010, Perpetua Nkwocha gbá góòlù 11 wọlé nínú ìdíje Áfíríkà kan ṣoṣo nígbà tí ó ti kọjá ọgbọ̀n ọdún dáadáa. Onome Ebi bẹ̀rẹ̀ Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ní 2003, kí a tó bí ọ, wọ́n sì tún mú un lọ sí ẹ̀kẹfà ní 2023 nígbà tí ó ti pé ogójì. Formiga ti Bràsíìlì gbá Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé méje, ó sì jẹ́ ọmọ ọdún 41 nígbà tí ó gbá èyí tí ó kẹ́yìn. Ìwọ tí egungun rẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbó, tí n kò sì rí ẹni tí ó ń sáré bíi tìrẹ ní gbogbo Ìkéré, kí ni o ń sá fún?

Mojí, jẹ́ kí n sọ ohun tí n kò sọ fún ọ rí, bàbá rẹ nìkan ni ó mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ orí tí ó wà nínú ìwé iṣẹ́ mi kì í ṣe tèmi. Nígbà tí mo fẹ́ wọ ilé ẹ̀kọ́ agbẹ̀bí, wọ́n ní mo ti dàgbà jù, bàbá mi àgbà sì mú mi lọ sí kóòtù, wọ́n búra, wọ́n gé ọdún mẹ́ta. N kò sọ pé rárá. Mo ṣiṣẹ́, mo sì ṣe é dáadáa, mo kọ ọjọ́ ìbí àìmọye ọmọ ìlú yìí láì ṣi wákàtí kan, ṣùgbọ́n tèmi ni n kò lè dárúkọ. Nígbà tí ẹgbẹ́ mi pé ọgọ́ta ọdún, tí wọ́n dá aṣọ, tí wọ́n sì jó wọ ṣọ́ọ̀ṣì fún ìdúpẹ́, èmi náà wọ aṣọ yẹn, mo jókòó sẹ́yìn, mo sọ fún àwọn ará ibi iṣẹ́ pé àlejò ni mí níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ fẹ́ ṣe ọjọ́ ìbí fún mi, mo kọ̀, ẹ rò pé ìrẹ̀lẹ̀ ni. Ní oṣù tí ó kọjá, dókítà bi mí pé ọmọ ọdún mélòó ni mí kí ó tó kọ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru fún mi, irọ́ yẹn náà ni ó jáde, láì jẹ́ pé mo rò ó. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi ti lé ní ogójì ọdún, òtítọ́ kò tíì bá a, èmi ni ó rẹ̀.

N kò fẹ́ kí ó rẹ̀ ọ́. Gbogbo góòlù tí o bá gbá lórí 2008 yẹn, ẹlòmíràn tí n kò bí ni wọn yóò kọ ọ́ fún. Bí orúkọ rẹ bá sì wọ ìwé ńlá lọ́jọ́ kan, ṣé o kò ní máa fò ojú ìwé tìrẹ kọjá ni?

Ní ti owó páànù tí o fi ránṣẹ́, ó wà ní báńkì, n kò fọwọ́ kàn án. Bí ó bá jẹ́ owó tí wọ́n fún ọ nítorí pé o bu ọwọ́ lù 2008 ni, jọ̀wọ́ dá a padà fún wọn. Orùlé ti ń jò tipẹ́, yóò dúró dè wá. Bí ó bá jẹ́ owó iṣẹ́ rẹ tí ó mọ́ ni, sọ bẹ́ẹ̀, kí bàbá rẹ lè pe káfíńtà kí òjò ọdún tí ń bọ̀ tó dé.

Ẹ̀gbọ́n rẹ ń bọ̀ ní Èkó ní ọjọ́ Ẹtì. Ẹ̀dà ìwé ẹ̀rí ìbí rẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀ nínú àpò ọ̀rá, àti gàrí, àti ata gígún. Kí ìwọ àti òun jọ gbé ìwé náà tọ akọ̀wé ikọ̀ yín lọ. Tí wọ́n bá ní wọn kò fẹ́ ẹni tí a bí ní 2004, bá a wọ ọkọ̀ kan náà padà wá sílé, yàrá rẹ mọ́, mo ti gbá a. Tí wọ́n bá sì gbà á, kí o fi nọ́ńbà ẹ̀yìn aṣọ rẹ ránṣẹ́ sí mi, kí n lè mọ ẹni tí n ó máa wò.

Gbé fóònù.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.