Lẹ́tà sí Gáàdì lórí téṣàn Iléṣà

Iléṣà,
Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.

Gáàdì mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó, mo sì kí àwọn ọmọ. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbèrò àtikọ̀wé sí ọ, ṣùgbọ́n ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nínú ilé mi lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá kò ṣe é fi pamọ́ di ìgbà tí a bá fojú rinjú. Ìjà ti dé lórí téṣàn àwòṣe tí mo ń kọ́ sórí tábìlì. Téṣàn rélùwéè Iléṣà, èyí tí ìwọ àti èmi mọ̀ pé kò sí, tí kò sì sí rí, ni àwọn àgbàlagbà méjì fi ń nàka sí ara wọn lójú ní pálọ̀ mi, títí ẹmu tí mo gbé kalẹ̀ fún wọn fi kan.

Láti ìgbà tí o ti fi ojú irin àti ẹ́ńjìnnì kékeré nì ránṣẹ́ ni mo ti pinnu pé n kò ní ṣe àwòṣe Òṣogbo tàbí Ẹdẹ, nítorí pé àwọn tí ó mọ ibẹ̀ kò ní jẹ́ kí n sinmi. Mo ní ẹ̀ka kan ni n ó fà láti Òṣogbo, kí ó gba ọ̀nà Ìbòkun wọ Iléṣà, kí a lè rí bí ìlú wa ì bá ti rí bí rélùwéè tí ó wọ Ìbàdàn ní 1901, tí ó sì gba Òṣogbo kọjá lọ sí Ọ̀fà àti Ìlọrin, bá yà sọ́dọ̀ wa. Mo rò pé ohun tí kò sí kò lè ní ẹlẹ́rìí. Àṣé ohun tí kò sí gan-an ni gbogbo ayé ní ẹ̀tọ́ láti bá ni jiyàn lé lórí.

Fóòmù bọ́ọ̀dù, fóòmù pẹlẹbẹ tí a lẹ bébà mọ́ lójú méjèèjì, ni mo fi kọ́ gbogbo ilé tí ó wà lórí tábìlì báyìí. Ilé àdánwò ni wọ́n. Mo kọ́ wọn kí n lè mọ bí ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò ti tóbi tó, ibi tí yóò jókòó sí, àti bóyá ọkọ̀ yóò fara gbá a, kí n tó náwó sórí igi tí n ó fi ṣe èyí tí yóò pẹ́. Irú bọ́ọ̀dù tí àwọn ọmọ tí ń kọ́ iṣẹ́ yíya àwòrán ilé ní Yunifásítì Ifẹ̀ fi ń ṣe àwòṣe wọn ni. Ọ̀dọ̀ àwọn tí ń ṣe pátákó ìpolówó ni mo ti ń ra èyí tí ó bá ṣẹ́kù lára iṣẹ́ wọn, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan.

Ìwọ̀n 1:76 (ìdá kan nínú mẹ́rìndínlọ́gọ́rin ohun gidi) tí àwọn ará ọ̀dọ̀ yín nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń lò ti mọ́ mi lára, nítorí pé ẹsẹ̀ bàtà kan jẹ́ mílímítà 4, ìlẹ̀kùn ẹsẹ̀ bàtà 7 sì jẹ́ mílímítà 28, láìsí wàhálà. Ohun tí ó dùn mọ́ mi jù ni pé bọ́ọ̀dù tí ó nípọn ní mílímítà 3 bá ògiri búlọ́ọ̀kù íǹṣì 9 mu rẹ́gí, nígbà tí ti mílímítà 5 jẹ́ íǹṣì 15, èyí tí ó sún mọ́ ògiri amọ̀ àwọn baba wa, débi pé bí mo bá gé fèrèsé sí i, òjìji a máa sá pamọ́ sínú rẹ̀ bí ó ti máa ń ṣe ní ilé wa àtijọ́. Ojú irin nìkan ni kò gbọ́ràn. Èyí tí o fi ránṣẹ́ fẹ̀ ní mílímítà 16.5, ó tóóró jù fún rélùwéè Gẹ̀ẹ́sì, tí ó yẹ kí ó tó nǹkan bíi 18.8, ó sì fẹ̀ jù fún tiwa, tí ó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 3 àti íǹṣì 6, tí ì bá jẹ́ 14 péré. Kò tẹ́ ẹnikẹ́ni lọ́rùn, mo sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Jẹ́ kí n padà sórí ìjà. Alàgbà kan láti Ìṣọ̀kùn ni ó kọ́kọ́ dá a sílẹ̀, tí ó ní Èrèjà ni kí n gbé téṣàn sí, nítòsí ààfin, nítorí pé kò yẹ kí Ọwá rìn jìnnà kí ó tó wọkọ̀. Ọ̀gá iléèwé wa tí ó ti fẹ̀yìn tì, o mọ ẹni tí mo ń wí, dá a lóhùn pé àwọn òyìnbó kì í wó àárín ìlú nítorí ọkọ̀, pé ìta ìlú ni Dùgbẹ̀ tí wọ́n kọ́ téṣàn Ìbàdàn sí pàápàá wà nígbà náà, kí ó tó di ohun tí ó dà lónìí. Alàgbà ní àwọn òṣómàáló tí wọ́n ru aṣọ wọn láti Èkó kò ní gbà láti tún ru ú láti ìta ìlú wọlé. Ọ̀gá ní ẹni tí ó lè lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà onígbèsè láti òwúrọ̀ di alẹ́ kò lè sọ pé ẹsẹ̀ ń dun òun. Ibẹ̀ ni ohùn ti ga. Ọ̀gá dìde, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé téṣàn mi, nítorí pé abẹ́rẹ́ olórí ni mo ṣì fi mú ògiri rẹ̀ pọ̀, ó sì gbé e sí ibi tí ojú irin ti tẹ̀. Alàgbà gbé e padà. Ọ̀gá tún gbé e.

Ọkọ̀ ni ó dá ẹjọ́ wọn. Mo mú kọ́ọ̀ṣì tí ó gùn jù nínú àwọn tí o fi ránṣẹ́, mo sì rọra fi ọwọ́ tì í gba ibi tí ọ̀gá gbé téṣàn sí. O mọ̀ pé níbi tí ojú irin bá ti tẹ̀, àárín kọ́ọ̀ṣì gígùn a máa wọ inú kọ́nà, orí àti ìdí rẹ̀ a sì máa yọ síta. Inú kọ́nà ni ọ̀gá sì gbé ilé náà sí. Àárín kọ́ọ̀ṣì gbá etí pèpéle, ó fa etí òrùlé ya, ilé dojú dé. Alàgbà pàtẹ́wọ́. Èmi kò sọ nǹkan kan. Mo mú abẹ, mo gé etí pèpéle náà sẹ́yìn títí kọ́ọ̀ṣì fi kọjá láìfarakàn án, mo sì fi téṣàn sílẹ̀ níbi tí ọ̀gá fẹ́ ẹ, nítorí pé òótọ́ ni ó sọ nípa ìta ìlú. Láti ọjọ́ náà ni alàgbà kò ti yà sọ́dọ̀ mi mọ́, ṣùgbọ́n mo gbọ́ pé ó ń sọ ní ṣọ́ọ̀ṣì pé mo ti gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀.

Tábìlì ẹsẹ̀ bàtà 8 kò lè gba ìlú. Téṣàn tí ó gùn ní ọgọ́rùn-ún ẹsẹ̀ bàtà yóò jẹ́ mílímítà 400, nítorí náà fèrèsé ni mo dín kù títí ó fi di 260. N kò fọwọ́ kan gíga ìlẹ̀kùn, nítorí pé ìlẹ̀kùn ni ojú fi ń mọ bí ènìyàn ti ga tó. Ilé ìtọ́jú kòkó sún mọ́ ògiri yàrá, iwájú rẹ̀ nìkan ni mo kọ́, kò ní ẹ̀yìn, bíi ti àwọn olóṣèlú wa kan. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ kí a fi ilé iṣẹ́ ọtí sí i, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì tí o fi ránṣẹ́ ń jẹ èédú, a kò sì tíì máa pọn bíà ní Iléṣà láyé èédú. Mo gbà fún un kí ó kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Iléèwé Gírámà sí orí pèpéle pẹ̀lú àpótí wọn, nítorí pé 1934 ni ilé ẹ̀kọ́ náà bẹ̀rẹ̀, ìyẹn bá a mu.

Iṣẹ́ gígé gan-an ni mo fẹ́ràn jù. Abẹ tuntun ni mo máa ń lò, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo sì ń fà á lójú ìlà kan: àkọ́kọ́ fún bébà òkè, èkejì fún fóòmù, ẹ̀kẹta fún bébà ìsàlẹ̀, ẹni tí ó bá fẹ́ gé e lẹ́ẹ̀kan, ṣe ni fóòmù yóò ya jánjàn. Ní igun ilé, mo ń ha fóòmù kúrò kí bébà ìta nìkan ṣẹ́kù, kí ó lè bo etí ògiri kejì, kí igun má baà ṣí. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ ràn mí lọ́wọ́, ó fi gọ́ọ̀mù àwọn tí ń ṣe bàtà lẹ ilé kan. Kí a tó ṣẹ́jú, inú ògiri ti yọ́, bébà méjèèjì ló kù tí wọ́n ń wojú ara wọn. Gọ́ọ̀mù funfun àwọn káfíńtà ni a ń lò báyìí. Gbogbo àlejò ni ó ń bi mí pé kí ló dé tí n kò kun ilé wọ̀nyí lọ́dà, ìyàwó mi sì ní ìlú funfun náà ń bà òun lẹ́rù lálẹ́, ṣùgbọ́n n kò ní kùn wọ́n. Bí mo bá ti kùn ún, àánú rẹ̀ yóò máa ṣe mí, n kò sì ní lè ya á mọ́.

Ara ilé le. Òjò ti gbé apá kan ọ̀nà wa lọ. Táyé ti rí iṣẹ́ sí Àkúrẹ́, ó sì ń kí ọ.

Dókítà ní nǹkan ti bo ojú òsì mi, àwọn yóò sì yọ nǹkan náà kúrò kí ọdún tó parí. Mo sọ fún un pé kò burú, ojú kan ni káfíńtà fi ń wo bóyá igi tọ́, ṣe ni ó ń di èkejì. Ó rẹ́rìn-ín. Ìyàwó mi kò rẹ́rìn-ín. Ìdí nìyí tí mo fi ń kánjú gé ohun tí ó bá ṣe é gé, ìdí sì nìyí tí mo fi fẹ́ bẹ̀ ọ́ ní ohun kan.

Àwòrán Bàbá nì, èyí tí wọ́n ti dúró sí ẹnu ọ̀nà ilé ẹrù rélùwéè l'Óṣogbo, ni mo ń fẹ́. Ẹsẹ̀ bàtà 6 ni Bàbá ga. Gbogbo wa ni a rí bí wọ́n ti máa ń tẹrí ba wọ ilé wa. Níwọ̀n tiwa, mílímítà 24 ni ìyẹn, bí mo bá sì ti mọ gíga wọn nínú àwòrán, n ó lè ṣírò ìlẹ̀kùn àti ògiri láti ara wọn, bí ó bá jẹ́ pé wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ fara ti ògiri, nítorí pé bí wọ́n bá dúró síwájú jù, wọn yóò ga ju ilé lọ nínú ìṣirò mi. Jọ̀wọ́ yà á tán pátá, láti bàtà dé òrùlé. Má ṣe gé ẹsẹ̀ kúrò. Mo mọ̀ pé láti ìgbà ìsìnkú ni o ti dojú rẹ̀ dé, n kò sì ní bi ọ́ ní ìdí. Bí kò bá tíì rọrùn fún ọ láti wò ó, jẹ́ kí ọmọ rẹ obìnrin bá mi yà á, kí ó sì fi ránṣẹ́ sórí fóònù Táyé, nítorí pé tèmi kì í gba àwòrán ńlá.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Kíláàkì.