Ẹ Fi Irà Odò Ògùn Lé Àwọn Tó Ń Gbé Etí Rẹ̀ Lọ́wọ́

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ irà etí odò Ògùn ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi gbé síta, nítorí ó ń tán lọ lójú wa báyìí ní Abẹ́òkúta. Lérò tèmi, bí a bá ń dúró de ìjọba àpapọ̀ ní Abújá tàbí ìjọba ìpínlẹ̀ ní Òkè-Mọ́sàn láti gbà á sílẹ̀, a óò dúró pẹ́. Àwọn ará abúlé tó yí irà ká, àwọn apẹja, àwọn ọdẹ àti àwọn ìyá tó ń dá àkúrọ̀, àwọn ni kí a fi ìtọ́jú rẹ̀ lé lọ́wọ́, kí a sì fi àṣẹ àti èrè rẹ̀ kún un fún wọn.

Àbàtà takété bí ẹni tí kò bá odò tan. Àwọn tó ń ta ilẹ̀ náà fẹ́ ká gbà pé kò bá odò tan lóòótọ́. Típà á dé, á da yẹ̀pẹ̀ sílẹ̀, òmíràn á tẹ̀ lé e, kò ní pẹ́ tí wọ́n á fi kó búlọ́ọ̀kù dé. Bẹ́ẹ̀, irà yẹn ni omi ń yà sí nígbà tí odò bá kún, pàápàá bí òjò bá pọ̀ tí wọ́n sì ní láti ṣí dáàmù Ọ̀yán. Ibẹ̀ ni ẹja ń pa ọmọ sí. Bí a bá dí i pa, ilé onílé ni omi yóò wọ̀. Ẹ bi àwọn tó ń gbé nítòsí omi Sókorí, nínú Abẹ́òkúta níbí.

Ti àwọn ẹranko ló ká mi lára jù. Lójú ọ̀nà márosẹ̀, wọ́n máa ń na ọ̀nì kékeré sí àwọn onímọ́tò. Wọ́n á ti fi okùn di ẹnu rẹ̀, wọ́n á ká ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn, ojú rẹ̀ á là kalẹ̀. Ọ̀dọ́mọdé ló sábà ń tà á. Èmi ò bá ọmọ náà bínú. Kò sí ẹni tó fi hàn án rí pé ọ̀nì náà lè wúlò fún un láàyè. Òkú rẹ̀ nìkan ló mọ̀ pé ó ń pa owó.

Ẹ wo ohun tí wọ́n ṣe ní Wechiau, lápá àríwá ìwọ̀ oòrùn Gánà, níbi tí odò Black Volta ti pààlà pẹ̀lú Burkina Faso. Erinmi ló wà nínú odò yẹn, wọ́n sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán ní gbogbo Gánà. Ní nǹkan bí ọdún 1999, àwọn ọba ìlú náà àti àwọn èèyàn wọn fẹnu kò pé kí a ya nǹkan bí 40 kìlómítà sọ́tọ̀ lára odò náà. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pa erinmi, wọ́n sì yéé dáko létí omi. Ọmọ ìlú ni àwọn ẹ̀ṣọ́, àwọn àgbà ìlú ló wà nínú ìgbìmọ̀ tó ń darí rẹ̀. Owó tí àwọn àlejò ń san láti wá wo erinmi wà lára ohun tí wọ́n fi gbẹ́ kànga, tí wọ́n fi ran ilé ẹ̀kọ́ lọ́wọ́. Àwọn obìnrin ibẹ̀ náà ń rí ọjà gidi fún òrí tí wọ́n ń ṣe. Lọ́dún 2008, wọ́n gba ẹ̀bùn Equator ti UNDP, àjọ ìdàgbàsókè ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé. Erinmi lè ba oko jẹ́, ó sì lè pa èèyàn, síbẹ̀ wọ́n fara dà á, nítorí wọ́n rí èrè rẹ̀ lábúlé wọn.

Ní Benin tó múlé gbè wá, nítòsí Abomey-Calavi, àwọn ará ìlú àti ẹgbẹ́ aládàáni kan jọ ń tọ́jú irà kan nítorí sitatunga. Ẹranko yìí jọ àgbọ̀nrín, ṣùgbọ́n inú omi ni ilé rẹ̀. Pátákò rẹ̀ gùn, ó sì là gbàràgàdà, òun ni kì í jẹ́ kó rì sínú ẹrẹ̀. Bí ọdẹ bá lé e, á ri ara rẹ̀ mọ́lẹ̀ sínú omi, ihò imú rẹ̀ nìkan ni yóò ku sókè.

Irú ètò yìí kò ṣàjèjì sí wa. Yemọja ni àwọn baba wa ní ó ni odò Ògùn, ojúbọ rẹ̀ sì wà ní Ìbarà títí dòní. Nínú igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, èèwọ̀ ni láti dọdẹ, láti pẹja, láti gé igi. Èèwọ̀ yìí wà lára ohun tó jẹ́ kí igbó náà ṣẹ́ kù tí UNESCO fi kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn ohun àjogúnbá àgbáyé lọ́dún 2005. Mùsùlùmí ni mí, n kò sì ní kí ẹnikẹ́ni padà sídìí òrìṣà. Ohun tí mò ń wí ni pé ìlú lè fẹnu kò lórí ohun tí ẹnì kan ò gbọdọ̀ ṣe, kó sì múlẹ̀. Lónìí, a lè kọ ọ́ sínú ìwé, kí ìjọba ìbílẹ̀ fi òfin tì í lẹ́yìn.

Nàìjíríà ti fi orúkọ ilẹ̀ irà 11 sílẹ̀ lábẹ́ àdéhùn Ramsar, àdéhùn àgbáyé lórí ìtọ́jú ilẹ̀ irà, èyí tí wọ́n tọwọ́ bọ̀ ní Ìráànì lọ́dún 1971. Kò sí ẹyọ kan nínú wọn ní ilẹ̀ Yorùbá. Ó dùn mí, àmọ́ orúkọ inú ìwé nìkan kì í lé ọdẹ.

Ká fi irà kan ṣoṣo bẹ̀rẹ̀. Kí àwọn mọ̀lẹ́bí tó nilẹ̀, baálẹ̀, apẹja àti ìyálọ́jà jókòó, kí wọ́n fi ààlà sí ibi tí ẹnikẹ́ni kò ní wọ̀ rárá, kí wọ́n sì mú oṣù tí a ò ní fi àwọ̀n kan omi. Ẹni tó bá da Gàmálìn, oògùn apakòkòrò tí wọ́n fi ń pa ẹja, sódò, kó sanwó ìtanràn. Àwọn ọdẹ ni kí a gbà ṣe ẹ̀ṣọ́, kí a sì máa san owó fún wọn lóṣooṣù: ta ló tún mọ ojú ẹsẹ̀ ọ̀nì lórí ẹrẹ̀, tó lè sọ bóyá àná ló kọjá tàbí ìjẹta? FUNAAB, yunifásítì ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀, wà ní Alábàtà níbí, wọ́n ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ nípa ẹranko ìgbẹ́. Kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn wá bá wa ka ohun tó ṣẹ́ kù. Gbogbo owó tó bá wọlé, kí a kà á sétí ìlú ní gbangba, nítorí owó tí ìgbìmọ̀ bá kó jẹ ni yóò kọ́kọ́ tú ètò náà ká.

Ẹ̀rù kan ń bà mí. Kí ìjọba má gbọ́ èyí tán, kí wọ́n wá fi wáyà yí irà ká, kí wọ́n lé àwọn ìyá tó ń gbin ẹ̀fọ́ àti ewédú sí àkúrọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹni tí a bá lé kúrò níbẹ̀, òun náà ni yóò padà wá dẹ pákùté lóru.

Mo bẹ yín, Olóòtú, kí ẹ rán akọ̀ròyìn sí etí odò kó tó di pé òjò dé, kó gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn apẹja fúnra wọn. Kí ẹ sì bá wa bi àwọn aṣòfin Ìpínlẹ̀ Ògùn bóyá wọ́n ṣetán láti ṣe òfin tí yóò fún abúlé láṣẹ láti ya irà tirẹ̀ sọ́tọ̀.

Èmi ni tiyín,
Òǹkàwé yín láti Lafẹ́nwá,
Abẹ́òkúta.